Ohùn Ọmọ, Ọ̀fun Ìkookò

Àwa tí wọ́n bí sí Ṣómólú àti Bàrígà láàárín ìgbà tí ogun Bìáfrà parí sí ìgbà tí àwọn sójà tún gbàjọba ní ìparí 1983, ohùn ni wọ́n kọ́ wa láti máa bẹ̀rù. Ẹranko tó ń bú ramúramù nínú àlọ́ kò dẹ́rù bà wá tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń bú ramúramù ti fi ara rẹ̀ hàn, ẹsẹ̀ ẹni ló kù. Èyí tó ń lé oorun lójú wa ni èyí tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó fi ohùn ẹni tí a fẹ́ràn pe orúkọ wa. Àwọn ìyá wa kì í tiẹ̀ dúró di alẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́: bí wọ́n bá pè ọ́ lóru, má ṣe jẹ́ ìpè àkọ́kọ́. A kò béèrè ìdí. A ti gbọ́ ìdí rẹ̀ nínú àlọ́.

Ilé fési-mi-kí-n-fési-ẹ ni ọ̀pọ̀ wa gbé, ní Jagunmólú, ní Ṣípéolú, ní Bájùláyé, títí dé Ìlàjẹ tó kángun sí ọ̀sà. Yàrá ń kọjú sí yàrá, ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró ló wà láàárín, ilé ìdáná kan àti ẹ̀rọ omi kan fún gbogbo ilé. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí ooru kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jókòó sínú yàrá, ẹní á jáde, àpótí á jáde, àwọn ọmọ á rọ́ lu ara wọn lórí sìmẹ́ńtì, ẹnì kan á sì bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Ẹni tó máa pa á kò dájú rí. Ó lè jẹ́ ìyá Ìjẹ̀bú tó ń gbé yàrá iwájú. Ó lè jẹ́ ìyá Ìbò tó ń ta ẹ̀pà, tó ń fi Yorùbá Bàrígà pa àlọ́ ìlú tirẹ̀. Bàbá Ìlàjẹ tó ń tún àwọ̀n ṣe máa ń dá sí i láti ibi tó jókòó sí, á ní wọn kò sọ ọ́ dáadáa. Títí di oṣù Kìn-ín-ní 1983, tí ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, tí ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn sì di ẹrù wọn sínú báàgì tí a wá ń pè ní Ghana-Must-Go, àwọn ará Gánà wà láàárín wa, Ànáńsè, aláǹtakùn inú àlọ́ wọn, sì wà pẹ̀lú wọn.

Nínú gbogbo àlọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀kan ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Ìyàn mú, ebi ń pa àwọn ẹranko kú lọ. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n fẹnu kò pé kí olúkúlùkù fa ìyá rẹ̀ kalẹ̀, kí gbogbo wọn jọ pa á jẹ. Wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajá nìkan ló gbé ìyá tirẹ̀ sá, ó gbé e lọ sókè ọ̀run. Bí ebi bá dé sí i, á lọ sí ibi tó mọ̀, á kọrin sí ìyá rẹ̀ pé kó ta okùn sílẹ̀. Okùn á sọ̀ kalẹ̀, Ajá á gùn ún lọ, á jẹun yó, á padà wá. Gbogbo ẹranko ń rù, Ajá ń dán. Ìjàpá, tó ti jẹ ìyá tirẹ̀ tán, rí dídán yìí. Ó tọ ipasẹ̀ Ajá, ó sápamọ́ sínú igbó, ó gbọ́ orin náà, ó kọ́ ọ mọ́rí. Ní ọjọ́ mìíràn ó ṣáájú Ajá débẹ̀, ó kọ ọ́. Okùn sọ̀ kalẹ̀. Ó ti gùn ún dé agbedeméjì kí Ajá tó yọ lọ́nà, tó rí i, tó sì figbe ta sí ìyá rẹ̀ pé kó gé okùn. Ìyá gé e. Ìjàpá já lulẹ̀ gbì, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ohun tí ìwé kì í lè gbé nínú àlọ́ yìí ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹnu àwa ọmọdé ṣe. Àwa la ń gbe orin. Nígbà tí Ajá ń kọrin, àwa la gbè é fún un. Nígbà tí Ìjàpá dé, orin kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àwa kan náà la sì gbè é. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ti ohùn apàlọ́ lọ. Ìyá Ìjẹ̀bú máa ń ti imú kọ ti Ìjàpá, á fà á díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń yọ́ rìn. Bí o kò bá tẹ́tí, o ti gbè é fún ọ̀daràn kí o tó mọ̀. Ọmọ kékeré kan á sì máa pariwo pé kì í ṣe Ajá, kì í ṣe Ajá o, bí ẹni pé ìyá tó wà lókè lè gbọ́ ọ láti Bàrígà. Etí wa ni wọ́n ń tọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. A kò rí i bẹ́ẹ̀ nígbà náà; eré la pè é.

A dàgbà tán kí á tó mọ̀ pé àlọ́ náà ti ṣáájú wa rìn jìnnà. Ní 1883, akọ̀ròyìn kan ní Atlanta, Joel Chandler Harris, tẹ ìwé kan jáde tó pè ní Nights with Uncle Remus. Òyìnbó ni Harris. Ẹnu àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ti ṣe ẹrú ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ló ti gbọ́ àwọn àlọ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó fi sí ẹnu bàbá àgbàlagbà kan tó ń sọ èdè Gullah, èdè àwọn ènìyàn dúdú etí òkun Georgia àti South Carolina. Ehoro gbé ìyá àgbà rẹ̀ pamọ́ sórí igi gíga kan. Bó bá fẹ́ gòkè, á kọrin, ìyá àgbà á ta okùn sílẹ̀. Ìkookò sápamọ́, ó gbọ́ orin náà. Ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ki, ìyá àgbà kò dá a lóhùn. Ló bá gba ilé alágbẹ̀dẹ lọ, ó ní kí wọ́n ki irin gbígbóná bọ òun lọ́fun títí ohùn òun á fi tinrín. Ó padà, ó kọ ọ́, okùn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ń fà á lọ sókè kí Ehoro tó dé, tó sì ké sí ìyá àgbà pé kó gé okùn. Ìkookò já, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́.

Ẹni tó bá ti gbè é ní àgbàlá wa rí, tó wá ka èyí, á dákẹ́ díẹ̀. Ìyá lókè, okùn, orin, olè tó kọ́ orin, igbe pé kí wọ́n gé e: kò sí èyí tó sọnù lójú òkun. Àwọn ẹranko ló pààrọ̀. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Georgia àti South Carolina, láti Àǹgólà àti ìhà Sàró ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, nítorí náà kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ni àlọ́ yìí, kò sì yẹ ká máa jà sí i. Àwa fúnra wa ti jà sí i rí. Ní alẹ́ kan tí ìyá Ìbò bẹ̀rẹ̀ àlọ́ kan, a gbọ́ ìyàn, a gbọ́ ìyá tí wọ́n gbé lọ sókè, a gbọ́ okùn, la bá hó lé e lórí pé tiwa ni, pé ó jí i gbé. Kò bínú. Ó ní ìyá òun tó pa á fún òun kò mọ ọ̀nà Èkó. Ó sì pa á dópin, pẹ̀lú orin tirẹ̀ ní èdè Ìbò, a sì gbè é. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ọmọ ilé wa ń fi orin méjèèjì kọ ọ́, wọ́n á kọ ti Yorùbá fún Ajá, wọ́n á kọ ti Ìbò fún Ìjàpá, nítorí ó rọrùn kí orin olè yàtọ̀. Bí àlọ́ ṣe ń yí padà nìyẹn. Ìṣojú wa ló ṣẹlẹ̀, ọwọ́ wa ló ti wá.

Àwọn onímọ̀ ń wá irú ìrìn yìí káàkiri ayé. Ní 2013, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Durham ní Ìlú Ọba, Jamshid Tehrani, kó oríṣi 58 jọ nínú ìtàn ẹranko tó ń ṣe bí ẹbí láti lè pa ọmọdé jẹ. Ó lo ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí fi ń wá ìran àwọn ẹ̀dá, ó fi tò wọ́n bí ìdílé. Ìtàn ọmọbìnrin aláṣọ pupa tí ìkookò fi aṣọ ìyá àgbà rẹ̀ tàn jẹ bọ́ sí ìdílé kan. Ìtàn ìkookò àti àwọn ọmọ ewúrẹ́ bọ́ sí òmíràn, èyí tó dàgbà jù. Àwọn ti Áfíríkà tó kó jọ súnmọ́ ti ọmọ ewúrẹ́ ju ti aláṣọ pupa lọ. Ti Ṣáínà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, níbi tí ẹkùn ti ń ṣe bí ìyá àgbà, dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé méjèèjì wà nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fun ni mo máa ń wò. Nínú ìwé àwọn ará Grimm ní Jámánì, 1812, ìkookò jẹ ẹfun kí ohùn rẹ̀ lè rọ̀ bí ti ìyá ewúrẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ rí ẹsẹ̀ dúdú rẹ̀, ó lọ fi ìyẹ̀fun kùn ún. Nínú ìtàn Xhosa tí George McCall Theal tẹ̀ jáde ní 1882, ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì aláìlóbìí tó ń gbé inú ihò àpáta ni: ajènìyàn kan fi irin pípọ́n jó ara rẹ̀ lọ́fun kó lè sọ̀rọ̀ bí ọmọkùnrin náà, kí arábìnrin rẹ̀ lè ṣílẹ̀kùn. Ní Georgia, irin gbígbóná ni. Ohùn ẹni ẹlẹ́ni ṣòro wọ̀, a sì máa ń dun ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ní tiwa, wọn kò fi irin kàn án lọ́fun. Bí wọ́n ti pa á fún wa, Ìjàpá kò dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó gbọ́ orin, ó kọ ọ́, okùn sọ̀. Ìyá kò fura, ìdánwò kò sí, ìlẹ̀kẹ̀ kan kò já lọ́rùn Ìjàpá kí ó tó di ọmọ ẹlòmíràn. Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, èyí ló le jù lójú mi, òun ló sì súnmọ́ ayé tí a wá bá ara wa nínú rẹ̀ jù lọ. Ìyá àgbà Georgia ṣì ní etí tó gbọ́ pé ohùn ki. Ìyá Ajá gba orin gbọ́ nítorí pé orin ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn lé lórí.

Ọ̀nà tó gbé àlọ́ kúrò lọ́dọ̀ wa kò jìnnà sí Bàrígà. Ọ̀sà tó ń fọ ẹsẹ̀ ilé ní Ìlàjẹ ni ọ̀sà tí ọkọ̀ ojú omi fi kó àwọn ẹrú gbà wá sí Èkó, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lu ìlú náà ní 1851. Àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá kò mú ẹrù dání. Ohun tó wà lẹ́nu wọn ni wọ́n mú lọ. Ní Kúbà, Lydia Cabrera lọ jókòó ti àwọn àgbàlagbà dúdú, ó kọ àlọ́ wọn sílẹ̀; ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ìlú Paris ní 1936. Ìjàpá wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ pààrọ̀ orúkọ púpọ̀: ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 1971, Ayapá ló pè é. Àjàpá tiwa ni. Ó kọjá òkun nínú ìdè, ó sì ń rẹ́ni jẹ ní Havana gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rẹ́ni jẹ nílé.

Àlọ́ ọdẹ àti àwọn ajá rẹ̀ rìn bákan náà. Àwọn ẹranko di obìnrin arẹwà, wọ́n wá tan ọdẹ wọnú igbó. Ó sá gun igi, wọ́n ń gé igi náà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń ké pe àwọn ajá tó fi sílẹ̀ nílé. Nílé wa, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé lorúkọ wọn, àwọn ọmọkùnrin sì ń jìjàdù ẹni tó máa jẹ́ Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Nínú ìwé tí Harris tẹ̀ jáde ní 1889, ẹranko ńláńlá méjì bí ẹkùn wọ aṣọ obìnrin, wọ́n bo ojú, wọ́n wá kí ọmọkùnrin kékeré kan. Igi wà níbẹ̀, ajá wà níbẹ̀, ìpè náà wà níbẹ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ti wá ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1937, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó irú àlọ́ tó wà ní Áfíríkà àti ní Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tí kò sí ní Yúróòpù jọ, ti ọdẹ àti ajá wà lára wọn. Ó kó wọn jọ nítorí pé àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni àwọn ènìyàn dúdú ti kọ́ ọ̀pọ̀ àlọ́ wọn. Bascom fi ẹ̀rí dá wọn lóhùn, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé títẹ̀ pẹ̀lú gbé àlọ́ wọ àdúgbò wa. Ṣómólú ni ilé àwọn onítẹ̀wé. Ẹ̀rọ ń lù láti àárọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, bébà tí yíǹkì bà jẹ́ kún inú gọ́tà. Àwọn alákàrà máa ń fi í pọ́nkàrà. Ọ̀pọ̀ wa ka àbọ̀ ìtàn ìkookò àti ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta lára bébà àkàrà, epo ti jẹ apá kan rẹ̀, a sì fúnra wa parí èyí tó kù. Lọ́jọ́ Àìkú, NTA ń ṣe Tales by Moonlight, gbogbo ọmọ ilé á kó sí yàrá ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n. Ní Àkọkà, ní ẹ̀yìnkùlé wa gan-an, Adébóyè Babalọlá, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Igbóbì College kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, ti kó àlọ́ Ìjàpá jọ sínú ìwé láti 1973. Àwa tí à ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́nu géètì yunifásítì náà kò mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ohun tí à ń fi ṣeré lálẹ́.

Àgbàlagbà kan tó wá láti Kàlàbá ló kọ́kọ́ fi àlọ́ mú kí àwọn ọmọbìnrin ilé wa sunkún. Ọmọbìnrin kan kọ gbogbo ọkọ. Ó rí ọkùnrin kan lọ́jà tí kò ní àbùkù kankan, ó tẹ̀lé e. Ẹ̀yà ara tó yá ni gbogbo rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń dá wọn padà fún olówó wọn: ẹsẹ̀, apá, àyà, ẹran ara, títí ó fi ku agbárí nìkan tó ń yí lọ nílẹ̀, ọmọbìnrin náà sì ti jìnnà sílé. Elphinstone Dayrell, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà Kàlàbá, ti tẹ oríṣi rẹ̀ kan jáde ní 1910. Ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ṣe ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, Amos Tutùọlá, gbé e sínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1952, ayé sì kà á. Ní Jàmáíkà, nínú ohun tí Martha Beckwith kó jọ ní 1924, ejò ni ọkọ àrà náà. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àlọ́ yìí wà láti fi dẹ́rù ba ọmọbìnrin kó lè gba ọkọ tí bàbá rẹ̀ yàn. Ó lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì ti ṣe é fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin àgbàlá wa gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé ènìyàn lè yá ojú.

Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, a ti ń bá àwọn tó yá ojú pàdé níta. Gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀: ẹni tó dúró lẹ́bàá ilé-ìwé, tó ní ìyá rẹ ló rán mi, kí n wá mú ọ. Lẹ́yìn náà ló wá di wán-ṣáǹsì. Dánfó tó dúró ní Fádéyì tàbí Onípàánù, tó jọ dánfó tòótọ́, kọ̀ǹdọ́ ń ké ibi tí o ń lọ gan-an, àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ jọ òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀, ó ku àyè ẹnì kan ṣoṣo. O wọlé, ilẹ̀kùn padé, gbogbo èrò ọkọ̀ sì yíjú sí ọ. Kò sí ọmọ Bàrígà tó bá mi dàgbà tí kò mọ ẹnì kan tí wọ́n ti gbé. Àwọn ìyá wa kọ́ wa ní ohun tí a ó máa wò: bóyá obìnrin wà nínú rẹ̀, bóyá ẹnì kan ń sọ pé òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀, bóyá ìró kọ̀ǹdọ́ ń ti imú wá. Àwa la fi kún un nípa imú. Àlọ́ ló kọ́ wa.

Ní oṣù Keje 2012, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé gboyè kejì, tó tún ń ta aṣọ, wọ Èkó wá láti òkèèrè nítorí àwọn tó mọ̀ lórí Facebook. Wọ́n ṣe bí oníbàárà tó fẹ́ràn òwò rẹ̀. Wọ́n pa á sínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Fẹ́sítáàkì. Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún àwọn ọkùnrin méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwa obìnrin àti ọkùnrin tó ti di òbí nígbà náà, bí ìròyìn yẹn ṣe jáde, ọkùnrin ọjà la rí: ojú tó yá, ọ̀rọ̀ dídùn tó yá, agbárí lábẹ́ wọn. Ọmọbìnrin náà kò ṣe ìgbéraga kankan. Òwò ló bá wá.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ti ń ṣe ohun tí alágbẹ̀dẹ Georgia ṣe, láìsí iná. Bí wọ́n bá rí ohùn ọmọ ẹni fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n lè mú kó sọ ohun tí kò sọ rí, kó máa sunkún, kó máa ní màmá, wọ́n ti mú mi, ẹ tètè fi owó ránṣẹ́. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé, àwọn ìdílé kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ àṣírí sáàárín ara wọn, ọ̀rọ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ sọ kí ìyá tó gbà pé òun ni. Ìyá Ajá àti ọmọ rẹ̀ ti ṣe èyí kí wọ́n tó dá ilẹ̀ Bàrígà sílẹ̀.

Lórí WhatsApp, níbi tí àwa ọmọ àgbàlá kan náà ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀, láti Ìkòròdú títí dé Peckham àti Houston, à ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi nínú àlọ́ náà. Àwọn kan ní ìyá ni: ó yẹ kó bojú wolẹ̀ kó tó ta okùn. Àwọn kan ní àwọn ẹranko tó dá òfin burúkú náà sílẹ̀ ni. Èmi wà lára àwọn tó ní Ajá ni. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ibì kan náà, ó ń kọrin rẹ̀ sókè ketekete láìwo igbó, ó sì ń padà wá sáàárín àwọn tí ebi ń pa pẹ̀lú ẹnu tó ń dán. Gbogbo ohun tí Ìjàpá nílò, Ajá ló fi ohùn ara rẹ̀ kà á sí i létí.

Ohun tó mú mi ta kú lórí èyí ni pé mo ń wo ohun tí àwa ń ṣe. Bí ilé-ìwé bá wọlé nínú oṣù Kẹsàn-án, a ó gbé ọmọ dúró níwájú ilé, a ó ya fọ́tò rẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù, báàjì ilé-ìwé á hàn, a ó kọ orúkọ rẹ̀ àti kíláàsì rẹ̀ sísàlẹ̀, a ó gbé e síta fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Bó bá ṣe ọjọ́ ìbí, a ó gbé fídíò jáde, ohùn rẹ̀ á wà nínú rẹ̀ kedere, á máa kọrin. Àwa tí wọ́n fi alẹ́ gbogbo kọ́ létí! Mo ti sọ ọ́ fún wọn. Àwọn kan yọ tiwọn kúrò lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ayọ̀ ọmọ ẹni kì í ṣe ohun tí à ń bò mọ́lẹ̀, pé ìbẹ̀rù mi ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àwa tí wọ́n tọ́ nínú yàrá kan ní Bàrígà, a mọ ohun tó ná wa kí ọmọ wa tó wọ yunifọ́ọ̀mù yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa gbé fọ́tò ọmọbìnrin rẹ̀ sórí Facebook. Òun gan-an lọmọ tó máa ń pariwo sí ìyá Ajá nígbà náà pé kì í ṣe Ajá. Mo kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó pè mí, a sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní òun máa bo báàjì náà. Ó bò ó lóòótọ́. Orúkọ ọmọ náà ṣì wà lábẹ́ fọ́tò.